Máàkì 93 àti òdo: ta ni kí ẹ gbà gbọ́ lórí The Last of Us Part II?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá The Last of Us àkọ́kọ́ parí ni, ó sì wọ̀ mí lára gan-an. Mo fẹ́ ra apá kejì, àmọ́ nígbà tí mo wo Metacritic, ìkànnì tó ń kó máàkì àwọn àyẹ̀wò jọ, àwọn alámèyítọ́ fún un ní 93 nínú 100, máàkì tí àwọn tó ń gbá a fún un kò sì tó 6 nínú 10. Ẹnì kan tiẹ̀ ti ba ìtàn náà jẹ́ fún mi, ó ní Joel, ọkùnrin tí a gbá nínú ti àkọ́kọ́, kú níbẹ̀rẹ̀. Ṣé wọ́n fowó ra àwọn alámèyítọ́ ni, àbí àwọn tó ń bú géèmù náà ni kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ó máa bá mi lára mu kí n tó náwó sí i? Ṣé ti PS4 ni kí n rà ni àbí ti PS5?

Ìdáhùn: Kò dìgbà tí ẹnì kan bá gba rìbá kí máàkì méjì yìí tó jìnnà síra tó báyìí. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn. Alámèyítọ́ ń dáhùn pé: ohun tí àwọn tó ṣe géèmù yìí dáwọ́ lé, ṣé wọ́n ṣe é dáadáa? Ẹni tó fi òdo lù ú ń dáhùn pé: ṣé mo tiẹ̀ gbà kí wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún mi? Ènìyàn lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni sí ti àkọ́kọ́, kó sì kọ èkejì jálẹ̀, kò tako ara rẹ̀. Ìyókù wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣírò máàkì, àti nínú ohun tí géèmù náà máa fi ọwọ́ yín ṣe.

Níwọ̀n bí wọ́n ti ba ìtàn náà jẹ́ fún yín, a ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí tí kò sì tíì gbọ́ nǹkan kan, kó fi í sílẹ̀ ná.

Ẹ rántí bí ti àkọ́kọ́, tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2013, ṣe parí. Joel wọ ilé ìwòsàn tó wà ní Salt Lake City, ó pa àwọn Fireflies, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ tó wà níbẹ̀, ó pa dókítà tó fẹ́ la orí Ellie, ọmọbìnrin tó mú rìnrìn-àjò, kí wọ́n lè fi rí oògùn àjẹsára fún àrùn olú tó ba ayé inú géèmù náà jẹ́, ó gbé ọmọ náà jáde, ó sì parọ́ fún un. Apá kejì dé ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2020 lórí PS4, ọdún méje lẹ́yìn náà. Abby, ọmọ dókítà yẹn, ló wá gbẹ̀san. Láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì àkọ́kọ́, ó fi ọ̀pá gọ́ọ̀fù lu Joel pa níṣojú Ellie. Ellie gbéra láti Jackson, ìlú tí wọ́n ń gbé, ó wá Abby lọ sí Seattle, ẹ ó sì gbá ọjọ́ mẹ́ta tó lò níbẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì wá fojú kojú nínú ilé tíátà, tí ìbọn ti wà lọ́wọ́, tí ọkàn yín ti wà lókè téńté, géèmù náà gé e síbẹ̀. Ó dá yín padà sí ọjọ́ kìíní ní Seattle, ó ní kí ẹ máa gbá Abby. Fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá.

Ibẹ̀ ni gbogbo ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rò pé ìtàn nìkan ló pa dà sẹ́yìn o. Ìbọn tí ẹ ti tún ṣe fún Ellie, oògùn tí ẹ ti kó jọ láti fi kún agbára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ dúró síbi tó wà. Abby ní ìbọn tirẹ̀, ẹ̀bùn tirẹ̀, àpò tirẹ̀, láti ìpìlẹ̀ pátápátá ni ẹ ó sì ti máa kọ́ wọn. Tí ẹ bá kórìíra rẹ̀, géèmù náà fẹ́ kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe làálàá fún ẹni tí ẹ kórìíra. Mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni wọ́n. Neil Druckmann, tó darí iṣẹ́ náà tí òun àti Halley Gross sì jọ kọ ìtàn rẹ̀, fẹ́ kí ìkórìíra wọ yín lára ná, kí ó wá mú yín rìn nínú bàtà ẹni tí ẹ kórìíra. Bóyá ìkórìíra yẹn máa yọ́ tàbí kò ní yọ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, òun ni wọ́n fi gbogbo géèmù náà ta tẹ́tẹ́.

Ẹ wo ibì kan péré kí ẹ lè rí bí tẹ́tẹ́ náà ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tó di páàdì mú. Ní ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn kan ní Seattle, Ellie ká Nora, ọ̀rẹ́ Abby, mọ́. Nora ti fa èéhù olú símú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán, àmọ́ Ellie fẹ́ kó sọ ibi tí Abby wà. Bọ́tìnnì onígun mẹ́rin yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ohun mìíràn tí ẹ lè tẹ̀. Tí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, Ellie á dúró síbẹ̀ tòun ti ọ̀pá irin lọ́wọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó lù ú. Bọ́tìnnì náà tún yọ. Kámẹ́rà ò sì fi Nora hàn yín, ojú Ellie ló dúró lé.

Alámèyítọ́ tó fẹ́ràn géèmù náà á sọ pé ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà: fíìmù á fi ìwà ìkà hàn yín, géèmù yìí mú kí àtàǹpàkò yín ṣe é, ara yín á sì kọ̀ ọ́. Èyí tí kò fẹ́ràn rẹ̀ á sọ pé ẹ̀tàn ni: ẹ̀yin lẹ fipá mú mi tẹ̀ ẹ́, ẹ tún wá ń wò mí bí ọ̀daràn nítorí pé mo tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Alice, ajá tí ẹ máa fi ọwọ́ Ellie gún pa nígbà tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀ sí nǹkan kan. Tó bá yá, ajá yẹn náà á máa bá Abby rìn, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n. Àwọn kan sunkún níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní ó ti hàn jù, pé àwọn rí okùn tí wọ́n ń fi fa àwọn. Lójú tiwa, ẹjọ́ ikọ̀ kejì yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju bí 93 ṣe fi hàn lọ. Ìdí tí kò fi hàn nínú 93 rèé.

Gbogbo máàkì ni Metacritic máa ń sọ di ti orí 100. IGN fún géèmù yìí ní 10 nínú 10, ìyẹn 100. The Guardian fún un ní ìràwọ̀ 5 nínú 5, ìyẹn náà 100. GameSpot fún un ní 8, ìyẹn 80. Wọ́n á wá wá ìpíndọ́gba wọn, ìpíndọ́gba náà kò sì dọ́gba tó orúkọ rẹ̀, torí pé ìwé ìròyìn kan wúwo ju òmíràn lọ nínú ìṣirò wọn, wọn kì í sì í sọ bí ìwúwo kọ̀ọ̀kan ṣe tó. Títí dé ibi yìí, kò sí wàhálà. Wàhálà ni pé Polygon, Kotaku àti Vice kò fún un ní máàkì kankan. Wọn ò yà á sọ́tọ̀ o, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe àyẹ̀wò géèmù nígbà náà nìyẹn. Wọ́n wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le jù lọ nígbà náà: pé ìyà inú rẹ̀ pọ̀ débi pé kò kọ́ ènìyàn ní nǹkan kan mọ́, pé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo nípa ẹ̀san ni géèmù náà ń tún sọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àyẹ̀wò tí kò ní nọ́ńbà kò lè wọnú ìṣirò. Ó wà níbẹ̀ lórí Metacritic, ní ìsàlẹ̀, ẹni tó bá fi sùúrù yí ojú ìwé náà wálẹ̀ á rí i, àmọ́ tó bá di ti 93, ṣe ló dà bí ẹni pé wọn ò lanu. OpenCritic, ìkànnì mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kì í fi ìwúwo sí i ní tirẹ̀, ó sì tún máa ń sọ ìdá mélòó nínú àwọn alámèyítọ́ ló ní kí ènìyàn rà á, nítorí náà ẹ máa wo àwọn méjèèjì.

Ohun kejì ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó bá ń ka àyẹ̀wò àtijọ́. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ni wọ́n gbà kí àyẹ̀wò jáde, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣáájú ọjọ́ ọjà. Àwọn alámèyítọ́ sì ti tọwọ́ bọ àdéhùn pé àwọn ò ní tú ìdajì kejì géèmù náà síta. Ẹ ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Gbogbo wákàtí Abby, tó jẹ́ òpó ilé náà, wọn ò lè sọ ọ́ ní tààrà. Ẹ tún àwọn àyẹ̀wò ọjọ́ yẹn kà, ẹ ó rí i pé ìyìn wọn ní ẹsẹ̀: bí ojú àwọn ẹ̀dá ìtàn ṣe ń sọ ohun tí ẹnu wọn kò sọ, bí ìró ẹsẹ̀ lórí gíláàsì fífọ́ ṣe ń dún, bí ọ̀tá ṣe ń ké orúkọ ẹnì kejì rẹ̀ nígbà tí ẹ bá pa á. Àmọ́ tó bá kan ìtàn, ọ̀rọ̀ wọn á di “ó nira”, “ó gbóyà”, “ẹ máa rí i fúnra yín”. Ẹni tó fi ìyìn yẹn ra géèmù kò mọ ohun tó rà. Nígbà tó wá rí i, ó ní wọ́n tan òun. Bẹ́ẹ̀, ṣe ni wọ́n pa àwọn alámèyítọ́ lẹ́nu mọ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ àyẹ̀wò tó wúlò, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ lẹ́yìn oṣù kẹfà ọdún 2020. Wọ́n dára jù àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ fíìfíì, ìbáà jẹ́ èyí tó yìn ín ìbáà jẹ́ èyí tó bú u, nítorí wọ́n lè dárúkọ nǹkan.

Ó wá kan àwọn tó fún un ní òdo. Lórí Metacritic, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí àkáǹtì lè fi máàkì sílẹ̀, wọn kì í bèèrè pé ṣé ẹ rà á. Fídíò inú géèmù náà ti tú síta láti ìparí oṣù kẹrin, kí ó tó jáde, nítorí náà ọ̀pọ̀ ti mọ̀ pé Joel á kú, wọ́n sì ti ń dúró. Ní ọjọ́ tó jáde, láàárín wákàtí díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òdo ti rọ̀ lé e lórí, máàkì rẹ̀ sì lọ sí abẹ́ 4. Géèmù tó ń gba nǹkan bíi wákàtí 24 sí 30 ni. Ẹ ṣírò rẹ̀. Àwọn tó fún un ní 10 lọ́jọ́ yẹn láti fi gbèjà rẹ̀ kò sàn jù wọ́n lọ, àwọn náà ò tíì gbá a tán. Nínú oṣù keje ọdún yẹn, Metacritic yí òfin padà: ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 36 lẹ́yìn tí géèmù bá jáde kó tó lè fi máàkì sí i. Máàkì géèmù yìí gòkè díẹ̀ nígbà tó yá, ó wá dúró síbi tí ẹ ti bá a.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà àárín yẹn tàn yín. Ká ní ènìyàn 10 ló dìbò, 5 fún un ní 9, 5 fún un ní 1. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50, ìpíndọ́gba jẹ́ 5. Ẹni tó bá rí 5 á rò pé géèmù tó kàn wà bẹ́ẹ̀ ni, kò dára kò burú. Nínú àwọn 10 yẹn, kò sí ẹyọ kan tó sọ bẹ́ẹ̀. Lórí irú géèmù báyìí, ìpíndọ́gba ń fún yín ní èrò ẹni tí kò sí láyé.

Tí ẹ bá ka ohun tí wọ́n kọ dípò nọ́ńbà wọn, ẹ ó rí i pé ẹ̀sùn wọn kò rí bákan náà rárá. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ìkórìíra lásán: nítorí pé Ellie fẹ́ràn obìnrin, nítorí Lev, ọmọ inú géèmù náà tí wọ́n bí ní obìnrin tó ní ọkùnrin ni òun, nítorí iṣan apá Abby, àti nítorí àhesọ kan tó tan kálẹ̀ lẹ́yìn tí fídíò náà tú síta, tí kò sì jóòótọ́. Ó burú débi pé wọ́n ń fi ikú halẹ̀ mọ́ Laura Bailey, obìnrin tó ṣe Abby, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó fi àwọn ọ̀rọ̀ náà han aráyé ní oṣù keje. Ẹ fò gbogbo ìyẹn. Kò ní ohunkóhun tó máa sọ fún yín nípa géèmù tí ẹ fẹ́ rà.

Ẹ̀sùn mìíràn wà tó tọ́, tí ọ̀pọ̀ alámèyítọ́ kò sì kà sí. Nínú fídíò ìpolówó tí Sony gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọwọ́ kan bo Ellie lẹ́nu láti ẹ̀yìn, ó yíjú, Joel ló rí, Joel sì ń bi í bóyá ó rò pé òun á jẹ́ kó nìkan ṣe é. Nínú géèmù gan-an, Jesse, ọ̀rẹ́ Ellie, ló wà níbẹ̀. Joel ti kú tipẹ́ nígbà yẹn. Wọ́n mú ẹnì kan kúrò, wọ́n fi òmíràn sí i, kí ẹ lè rò pé ẹ máa bá a rìn. Òótọ́ ni pé àwọn tó ń sọ ìtàn máa ń fi nǹkan pa mọ́ nínú ìpolówó. Àmọ́ fífi nǹkan pa mọ́ yàtọ̀ sí kí ẹ fi ohun tí kò sí han oníbàárà. Ẹni tó bá ní inú ń bí òun nítorí èyí, a ò ní dá a lẹ́bi.

Ẹ̀sùn kẹta ni ti ìṣètò, òun ló sì kàn yín jù. Àwọn tó gbá a tán, tí wọn kò kórìíra ẹnikẹ́ni, sọ pé gígé ìtàn síbi tó ti gbóná jù, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pa ìfẹ́ wọn. Wọ́n ní àwọn lóye ohun tí Abby ń rò, ó kàn pẹ́ jù kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ni. Àwa gbà pẹ̀lú wọn dé ìdajì. Wákàtí Abby ní àwọn ibi tó dára jù nínú gbogbo géèmù náà, pàápàá ilé ìwòsàn tó dá nìkan wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀. Àmọ́ bíi wákàtí méjì àkọ́kọ́ níbẹ̀ falẹ̀, ó sì bọ́ sí àsìkò tí ẹ ò ní sùúrù kankan.

Ẹ tún fi èyí kún un kí ẹ má baà rò pé gbogbo àwọn tó ń gbá géèmù ló wà lẹ́yìn òdo. Ó tà ju mílíọ̀nù 4 lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó gba ẹ̀bùn 7 níbi The Game Awards ní oṣù kejìlá ọdún 2020, títí kan géèmù ọdún náà. Ti BAFTA, ẹ̀bùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 2021 ló tilẹ̀ dùn jù: wọ́n fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá, ó mú 3 péré. Géèmù tó dára jù lọ, tí àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ń yàn, Hades, géèmù mìíràn, ló gbé e. Èyí tí ará ìta ń dìbò fún, òun ni The Last of Us Part II gbé. Ẹni tó bá ní àwọn amòye ló fẹ́ràn rẹ̀ tí mẹ̀kúnnù sì kọ̀ ọ́, kó wá ṣàlàyé ìyẹn fún wa.

Bí ẹ ṣe máa ka àyẹ̀wò wọ̀nyí wá rèé. Ẹ ka mẹ́ta lára àwọn tí kò ní máàkì lórí Metacritic. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí àyẹ̀wò àwọn tó ń gbá a, ẹ fò 0 àti 10, ẹ yan àwọn tó wà láàárín, 4 sí 7. Àwọn wọ̀nyí ló sábà máa ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ràn àti ohun tí wọn ò fẹ́ràn nínú gbólóhùn kan náà. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọjọ́ 19 tàbí 20 oṣù kẹfà ọdún 2020, ẹ fi sílẹ̀. Kí ẹ sì mọ àmì ẹni tó gbá a tán: á mẹ́nu ba oko tí Ellie àti Dina, olólùfẹ́ rẹ̀, ń gbé, tàbí Santa Barbara, tàbí gìtá. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ gígùn, tó jẹ́ pé ọ̀pá gọ́ọ̀fù nìkan ló mọ̀, kò kọjá wákàtí méjì tàbí kó jẹ́ fídíò ló wò.

Géèmù náà ti wà lórí kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2025, nítorí náà ẹ lè wo Steam, ilé ìtajà géèmù kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ sàn ní ọ̀nà kan: àfi ẹni tí géèmù náà wà lórí àkáǹtì rẹ̀ ló lè kọ̀wé, wákàtí tó ti lò sì wà lókè ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ ka ti ẹni tó ti lo wákàtí 20 sókè. Ẹ kàn ya àwọn tó ń ráhùn pé kọ̀ǹpútà àwọn kò gbé e dáadáa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìtàn, torí àtàǹpàkò tó dojú kọlẹ̀ kan náà ni Steam fi ń ka méjèèjì. Ẹ tún rántí pé Steam máa ń dá owó padà tí ènìyàn kò bá tíì gbá géèmù dé wákàtí méjì, láàárín ọjọ́ 14 tó rà á. Ó bọ́ sí ibi tí Joel ti ń kú wẹ́kú. Kò ní yà yín lẹ́nu tó bá bọ́ síbẹ̀ fún ẹ̀yin náà, ẹ ṣáà ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Nípa bóyá ó máa bá yín lára mu, ẹ jẹ́ ká fi ti àkọ́kọ́ tí ẹ gbá ṣe òṣùwọ̀n. Kí ló wọ̀ yín lára níbẹ̀? Tó bá jẹ́ bí Joel àti Ellie ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ mọ̀ pé ìyẹn kéré nínú apá kejì. Inú àwọn ìrántí àtijọ́ nìkan ló wà, díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì máa dúró dè é. Tó bá jẹ́ ìparí rẹ̀, irọ́ tó pa, àti bí ojú Ellie ṣe rí nígbà tó sọ pé ó dáa, á jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ṣe géèmù yìí fún, nítorí irọ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Tó bá jẹ́ ìjà àti ìfarapamọ́ ni, kò sí àríyànjiyàn: ẹ lè dọ̀bálẹ̀ nínú koríko, ẹ lè yẹra fún ẹ̀ṣẹ́, àyíká sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ wà ní àkókò ọ̀fọ̀ tàbí tí ara yín kò yá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Kò sí ìsinmi púpọ̀ nínú rẹ̀.

Tó jẹ́ pé ìtàn nìkan lẹ fẹ́, ẹ má jẹ́ kí ìjà dá yín dúró. Ìpele ìṣòro pín sí ọ̀nà márùn-ún: ẹ̀yin fúnra yín, àwọn ọ̀tá, àwọn tó ń bá yín rìn, ìfarapamọ́ àti ohun èlò, ẹ sì lè yí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi ọ̀tá sí àárín, kí ẹ fi ohun èlò sí ìpele tó rọrùn jù. Àìrí ọta ìbọn ló ń mú ènìyàn máa ṣí gbogbo dúrọ́ọ̀ tó bá rí, òun ló sì ń sọ géèmù wákàtí 24 di 30, tí wákàtí Abby fi ń dà bí ẹ̀wọ̀n. Ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ṣe fún àwọn tí ojú, etí tàbí ọwọ́ wọn ní ìpèníjà lé ní 60, ibẹ̀ sì ni alámèyítọ́ àti ará ìta ti fẹnu kò. Lára wọn ni èyí tó jẹ́ kí ọ̀tá má rí yín tí ẹ bá dọ̀bálẹ̀, àti èyí tó ń fo àlọ́. Kò sí ìtìjú nínú lílò wọn.

PS4 àbí PS5? Àtúnṣe ti PS5 jáde ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2024, ó gba 90 lórí Metacritic. Ẹ má ka 90 sí pé ìtàn ti já wálẹ̀ láti 93. Ìtàn kan náà ni. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n nígbà yẹn ni bóyá àfikún rẹ̀ tó ohun tí ènìyàn á tún náwó sí. Àfikún náà ni àwòrán tó mọ́ sí i, àwọn ibi mélòó kan tí wọ́n gé kúrò nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ibi tí ẹ ti lè máa ta gìtá fàlàlà, àti No Return, ìjà tó ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kú. Tó bá jẹ́ PS4 lẹ ní, ti PS4 tó yín, kò dín ohunkóhun kù nínú ìtàn. Tó bá jẹ́ PS5, ẹni tó ti ní ti PS4 lè fi dọ́là 10 sọ ọ́ di ti PS5, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo iye tí ti PS4 jẹ́ pẹ̀lú 10 yẹn kí ẹ tó ra èyí tuntun. Ibi tí ènìyàn ti máa ń jìn sí kòtò ni díìsìkì: tó bá jẹ́ díìsìkì PS4 lẹ rà, PS5 yín gbọ́dọ̀ ní ojú díìsìkì, díìsìkì náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ gbá a.

Ẹ ṣọ́ra fún ibì kan. Tí ẹ bá dé oko, tí oòrùn ń wọ̀, tí ọmọ wà lọ́wọ́ Ellie, ó máa jọ pé ó ti parí. Àwọn kan ti pa ẹ̀rọ wọn síbẹ̀, wọ́n wá lọ kọ̀wé pé òpin rẹ̀ dára. Ó ṣì ku Santa Barbara, nǹkan bíi wákàtí méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó tún mú gìtá. Ojú páàdì tí ẹ ti ń fi àtàǹpàkò pa láti ìbẹ̀rẹ̀ kí okùn gìtá lè dún, òun náà lẹ máa pa. Ìka ọwọ́ òsì Ellie ti dín méjì nígbà yẹn, ohun tó sì máa dún kò ní jọ ti tẹ́lẹ̀.